Nọ́ḿbà Méje àti Ọnọ́rébù Olóyè Mẹ́sàn-án

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀, ẹ wá jókòó tì mí. Ìwọ tí ò ń jẹ bisikíìtì lẹ́nu ọ̀nà, wọlé, mú bisikíìtì náà dání, kí o sì fún mi ní ẹyọ kan. Ẹ sún mọ́ra dáadáa. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ kó lọ sọ odindi rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí oyè rẹ̀ gùn ju èémí lọ ni mo fẹ́ sọ fún yín, àti ti alùpùpù kan tí kò ga ju ewúrẹ́ lọ, àti bí ewúrẹ́ onírin yẹn ṣe gbé olóyè lọ síbi tí kò rò.

Ìgbà tí wọ́n ní kí ọ̀kadà má gba títì wa mọ́, àwọn kan pé jọ ní Ìkòsì, wọ́n dá kọmitíì tiwọn sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rán wọn. Wọ́n pè é ní Kọmitíì Àmójútó Ohun Onítáyà Méjì, wọ́n sì fi Ọlánípẹ̀kun ṣe alága. Kó tó di alága, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni Ọlánípẹ̀kun yìí. Ó ń ta gíláàsì fèrèsé, ó ń kí ará àdúgbò, ará àdúgbò ń kí i. Àmọ́ àga tí wọ́n rà fún alága, àga tó ń yí bírí ni. Ó jókòó lé e, ó yí i lẹ́ẹ̀kan. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà tí yóò fi yí i lẹ́ẹ̀kẹta, orí rẹ̀ ti bá a yí.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní Ọnọ́rébù ni òun. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó di Àlàájì, bẹ́ẹ̀ ibi tó jìnnà jù tó dé rí ni Ìbàdàn. Ó di Dókítà, kò sì fún adìẹ lásán lábẹ́rẹ́ rí. Ó di Olóyè. Ó di Ìmọ́lẹ̀ Ìkòsì, nítorí pé ó ra gílóòbù kan sí ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀. Ó di Òpó Kẹ́tú, Agbòòrùn Mile 12, Afárá Ifákọ̀. Ìgbà tí kò rí àdúgbò mọ́, ó fi Baba Gbogbo Táyà dé e lórí. Ẹ bá mi kà á. Mẹ́sàn-án ni, a ò tíì dé orúkọ o. Pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí níwájú ọ́fíìsì gùn débi pé ó wọ ojúlé kejì. "Ọláni" ló parí sára ògiri ọ́fíìsì; "pẹ̀kun" bo fèrèsé télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, òkùnkùn ni télọ̀ náà sì fi ń ránṣọ láti ọjọ́ náà.

Ó wá ṣòfin. Ẹni tó bá fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀, ì báà ṣe "ẹ káàsán" lásán, oyè mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni yóò kọ́kọ́ kà, tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Bó bá fo ọ̀kan, kó kúnlẹ̀, kó tún un bẹ̀rẹ̀ látorí. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, kó tó kà á tán láti sọ pé oúnjẹ ti délẹ̀, oúnjẹ ti tutù. Ọjọ́ kan báyìí, akekèé wà lára ògiri lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ìyàwó rí akekèé. Ó wo akekèé, ó wo òfin, ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀: "Ọnọ́rébù, Àlàájì, Dókítà..." Akekèé ló ṣàánú fún wọn, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ẹni tó mọ oyè yìí kà jù ni akọ̀wé rẹ̀, Sherifdeen, ọkùnrin tínínrín kan tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Bí Ọnọ́rébù bá wúkọ́, Sherifdeen á ní, "Ẹ gbọ́ ọgbọ́n!" Bó bá sín, Sherifdeen á pàtẹ́wọ́. Bó bá dákẹ́, á ní, "Ẹ ò rí bó ṣe dákẹ́? Ta ló tún lè dákẹ́ báyìí ní gbogbo Kosofe?"

Kọmitíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀kadà ti sá tán, kò sí èyí tí wọ́n lè mú, ni wọ́n bá ń mú ohun tí wọ́n rí. Wọ́n mú kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Wọ́n mú kẹ̀kẹ́ tí mẹ̀ruwà fi ń ti omi kiri. Ọjọ́ tí Àlàájà Súmbọ̀, ìyá arúgbó tó ń ta ata rodo ní Mile 12, ti Mẹ́kà dé, tó ń wọ́ báàgì rẹ̀ bọ̀ ní Ìkòsì, Ọnọ́rébù fúnra rẹ̀ ló dá a dúró.

"Àlàájà, táyà mélòó ló wà lábẹ́ báàgì yìí?"

"Méjì ni, ọmọ mi."

"Ó parí. Onítáyà méjì ni. Ẹ gbé e!"

"Ẹ gbé kí ni? Omi Sámúsámù ló wà nínú ẹ̀!"

"Ah-ah! Ó tún ń kó epo!" ni Sherifdeen wí.

Àlàájà Súmbọ̀ wò wọ́n títí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní, "Ọlọ́run ọba, ọkùnrin yìí ń wá táyà. Jẹ́ kó rí táyà." Àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe àmín. Ọnọ́rébù pàápàá ṣe àmín, ó rò pé àdúrà rere ni.

Ẹ fi ìyẹn sápá kan. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹni tí ọ̀ràn yìí ká lára jù, Màríyámọ̀.

Ọmọ Ṣakí ni Màríyámọ̀, mẹkáníìkì ni. Ẹ má lanu, obìnrin ni mo wí, mẹkáníìkì ni mo sì wí. Kẹ́tú ló ti ń ṣiṣẹ́, Agboyi ní òdìkejì omi ló ń gbé, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀. Bí oníbàárà tuntun bá dé, tó bi í pé, "Aunty, Ọ̀gá dà?", á nu ọwọ́ nù, á ní, "Òun lẹ ń bá sọ̀rọ̀." Ó ní ọmọ kan, Ràhmát, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

Ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, ẹnìkan ṣí kọ̀ǹténà ẹrù tòkunbọ̀ nítòsí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lábẹ́ fíríìjì mẹ́ta, wọ́n bá irin kan tó ká jọ bí aláǹgbá tí mọ́tò tẹ̀. Ẹlẹ́rù ní kí ẹni tó bá fẹ́ ìdọ̀tí náà gbé e kúrò lójú òun. Màríyámọ̀ gbé e. Ó wẹ̀ ẹ́, ó rí i pé alùpùpù ọmọdé ni, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré nínú ẹrẹ̀ àti lórí òkè ní ìlú òyìnbó. Táyà rẹ̀ ní eyín bí ayùn. Kò níná, kò ní họ́ọ̀nù. Táńkì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, pátákó kékeré kan sì wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n kọ 7 sí. Ọdún méjì gbáko ló fi ń tún un ṣe, pẹ̀lú àjẹkù irin, àjẹkù súùrù, àti àdúrà. Ìgbà tó jí, ó fún Ràhmát. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Sunday tí àwọn tó ń wa iyanrìn lódò bá sinmi, Ràhmát á máa gun òkè iyanrìn tí wọ́n kó jọ sí bèbè odò Agboyi, á gùn ún dé ṣóńṣó, á fò, á balẹ̀, á sì kígbe, "Mummy, ẹ wò mí!" Ìyẹn ni ayọ̀ Màríyámọ̀ láyé. Kò ní òmíràn, kò sì wá òmíràn.

Àbùkù kan ló kù lára alùpùpù náà. Wáyà tó ń fún un níná máa ń há. Bí èèyàn bá lọ́ ọwọ́ ọ̀tún kó sáré, ó lè kọ̀ láti padà, á kàn máa sáré lọ ni. Ràhmát mọ ẹ̀rọ̀ rẹ̀: bọ́tìnì pupa kan wà lọ́wọ́ òsì. Tẹ pupa, ẹ́ńjìnì á kú. Ó tán.

Màríyámọ̀ wá wáyà yìí títí, kò rí. Ló bá ya fọ́tò alùpùpù náà, Ràhmát bá a fi í sáàrin àwọn tó fẹ́ràn alùpùpù àtijọ́ lórí fóònù. Ọjọ́ kẹta, bàbá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Jeffrey fèsì. Ó ní òun mọ nọ́ḿbà méje bí òun ṣe mọ àpá orúnkún òun. Ó ní òun lòun fọwọ́ ara òun kàn án, nínú ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé òun, ní ọdún márùndínláàádọ́ta sẹ́yìn. Ó ní wáyà náà ṣì wà lọ́wọ́ òun, òun ò ní fi ránṣẹ́, òun àti ọmọ òun obìnrin ni yóò gbé e wá, nítorí òun ti lé lọ́gọ́rin ọdún, òun ò sì tíì rí Èkó rí.

Ṣùgbọ́n ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n dé, Màríyámọ̀ gbé alùpùpù náà wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Kẹ́tú láti fọ kábúrétọ̀ rẹ̀. Bó ṣe ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté báyìí, Ọnọ́rébù rèé, Sherifdeen rèé.

"Ta ló ni ọ̀kadà yìí?"

"Kì í ṣe ọ̀kadà, sà. Ti ọmọ mi ni. Kò gba títì rí."

Sherifdeen fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ ta. "Sà kè? Oyè dà? Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí!"

Kí Màríyámọ̀ tó ka oyè dé Afárá Ifákọ̀, Ọnọ́rébù ti rí pátákó iwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka tọ 7 náà. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Sherifdeen, kí ni mo rí yìí?"

"Méje ni, Ọnọ́rébù, Àlàájì, Dókítà..."

"Méje! Ó túmọ̀ sí pé ọ̀kan wà. Èjì wà. Ẹ̀ta wà. Títí dé ẹ̀fà! Obìnrin yìí kó ọ̀kadà mẹ́fà pa mọ́ sínú ìlú!"

"Ẹ gbọ́ ọgbọ́n!" ni Sherifdeen ké.

Bí wọ́n ṣe gba alùpùpù lọ nìyẹn o. Láti ọjọ́ náà ni kọmitíì ti ń wá ọ̀kan dé ẹ̀fà. Wọ́n wo abẹ́ ibùsùn ní Ìkòsì. Wọ́n ju ìwọ̀ sínú kànga ní Kẹ́tú. Wọ́n dé ẹnu géètì Magodo, gáàdì ibẹ̀ bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń wá, wọ́n ní Nọ́ḿbà Kẹrin. Gáàdì ní kò sí ilé Nọ́ḿbà Kẹrin tó ń retí wọn, ó ti géètì.

Ilé Màríyámọ̀ dákẹ́. Ràhmát tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ní Sunday, ó lọ jókòó sórí òkè iyanrìn, ó fọwọ́ lérán. Màríyámọ̀ lọ sí ọ́fíìsì láti bẹ̀bẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ó fo Òpó Kẹ́tú, wọ́n ní kó kúnlẹ̀, kó tún un bẹ̀rẹ̀. Kó tó kà á dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, Ọnọ́rébù ti sùn. Lọ́jọ́ kejì, ó fi Agbòòrùn sí Ifákọ̀, ó gbé Afárá lọ sí Mile 12. Ó dọjọ́ kẹta kí Ràímì, ọkùnrin tó ń tukọ̀ fún wọn ní Agboyi, tó gbà á nímọ̀ràn pé, "Fi kọrin, Ìyá Ràhmát. Ohun tí èèyàn bá fi kọrin kì í já." Ó fi kọrin lóòótọ́, ó kọ ọ́ dé òpin, ó sì sọ ohun tó gbé e wá kó tó mí:

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá òyìnbó tó kàn án ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti ìlú òyìnbó wá wò ó, kí ni n ó fi hàn án?"

Àga alága tó ń yí dúró gbagidi.

"Láti ìlú òyìnbó?" ni Ọnọ́rébù bi í. "Wá wo alùpùpù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹ ò rí i, bí ojú ọkùnrin náà ṣe rí! Ó ti rí ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ó ti rí àwọn òyìnbó tó tò sórí ìlà, tí wọ́n ń kà á: Ọnọ́rébù, Àlàájì, Dókítà. Ó ní kí Màríyámọ̀ máa lọ sílé. Ó ní òun fúnra òun ni yóò gba àlejò náà ní Agboyi, àti pé bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè, òun lòun ni alùpùpù, òun lòun gùn ún nígbà tí òun wà lọ́mọdé.

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ọmọ rẹ lè wá pàtẹ́wọ́."

Màríyámọ̀ jáde. Kò sunkún. Ó kàn sọ fún Ràímì nínú ọkọ̀ pé, "Ó lóun fẹ́ gùn ún," Ràímì sì ní, "Nínú agbádá yẹn?"

Ọjọ́ Sátidé pé. Ọkọ̀ ojú omi mẹ́fà ni kọmitíì fi kó ara wọn àti alùpùpù náà dé Agboyi. Èyí tó ṣíwájú, Ọnọ́rébù ló dá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àga rẹ̀ tó ń yí. Gbogbo ìgbà tí omi bá mì, ó ń kọjú sí ibòmíràn. Bàbá Jeffrey ti dé ní tirẹ̀, bàbá gígùn kan tó rí bí igi ìgbálẹ̀, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Wáyà náà wà lápò rẹ̀, ó fi bébà wé e bí ẹni wé ẹ̀kọ.

Ọnọ́rébù dìde sọ̀rọ̀. Ràhmát ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún àlejò, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí ẹnu rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ò tíì mọ̀ pé ènìyàn mi ni yín! Kí òyìnbó tó mọ táyà, mo ti mọ táyà. Ní Ìkòsì ni mo ti fi ìdérí ìgò àti igi ìṣáná kan alùpùpù kékeré àkọ́kọ́ láyé, mo sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Lékeléke kan ló bà sórí ògiri wa, ó wò ó dáadáa, ó fò lọ sí ìlú òyìnbó, ó ròyìn fún wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i kọ́! Nítorí náà, láti òní lọ, oyè mi ti di mẹ́wàá. Ẹ fi Olùdásílẹ̀ Alùpùpù Kékeré Lágbàáyé kún un!"

Kọmitíì hó yèè. Ràhmát yíjú sí bàbá Jeffrey. Ó ní, "Ó ní ẹyẹ kan jí iṣẹ́ òun."

Bàbá náà mirí. Ó ní, "Ẹyẹ tilé wa náà ò dáa."

Bàbá wá fi tọkàntọkàn bèèrè, kò sí ètekéte kan lọ́kàn rẹ̀, pé ṣé Ọnọ́rébù lè gun alùpùpù náà díẹ̀ kí àwọn rí i, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gùn ún nígbà èwe. Ọnọ́rébù wo alùpùpù. Alùpùpù wo Ọnọ́rébù. Kọmitíì ti ń pàtẹ́wọ́, kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é. Wọ́n ká agbádá mọ́ ọn lára, wọ́n gbé e lé e, orúnkún rẹ̀ ga dé etí. Ó lọ́ ọwọ́ ọ̀tún.

Wáyà há.

Ẹ̀yin ọmọ, iná ta! Alùpùpù náà ya sórí iyanrìn bí ẹran tó já okùn, ó ń yí òkè iyanrìn po, Ọnọ́rébù ń mì lórí rẹ̀ bí mọ́ínmọ́ín. Bó ṣe yọ lápá ọ̀tún, Màríyámọ̀ sáré sún mọ́ ọn, ó kígbe:

"Ẹ tẹ pupa! Ẹ tẹ pupa!"

Ọnọ́rébù yíjú sí i, eré ń gbé e lọ, ó sì fi ìkanra dáhùn, "Oyè mi ńkọ́?"

Ó wọ ẹ̀yìn òkè. Ó tún yọ. Báyìí, Sherifdeen ló bọ́ síwájú, nítorí ó ti rí i pé ọ̀gá òun ń lọ sájò. Ó na ọrùn, ó fẹ àyà:

"Ọnọ́rébù! Àlàájì! Dókítà! Olóyè! Ìmọ́lẹ̀ Ìkòsì! Òpó Kẹ́tú! Agbòòrùn Mile 12! Afárá Ifákọ̀! Baba Gbogbo Táyà! Olùdá... Olùdásí... Olùdá kí ni?"

"Látorí!" ni Ọnọ́rébù ké bó ṣe ń kọjá lọ. "Bẹ̀rẹ̀ látorí!"

Sherifdeen kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. "Ọnọ́rébù! Àlàájì!..."

Ibi tó dé Dókítà ni alùpùpù ti sú ara rẹ̀ ní yíyí po. Ó kọjú sí òkè. Ó gùn ún, wùúù, bí Ràhmát ṣe kọ́ ọ, dé ṣóńṣó, ó sì fò. Afẹ́fẹ́ wọnú agbádá, agbádá wú. Labalábá fara wé ẹyẹ, ẹ wá wòran! Lókè lọ́hùn-ún, Ọnọ́rébù àti alùpùpù tú ká. Alùpùpù balẹ̀ sórí iyanrìn rírọ̀, ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ẹ́ńjìnì kú. Ọnọ́rébù kò rántí balẹ̀. Ó kọjá lórí Ràímì nínú ọkọ̀ rẹ̀, Ràímì sì bọ́ fìlà kí i. Ó wọ inú ojú oró àti ẹrẹ̀, gbòláà, dé àyà. Ṣòkòtò rẹ̀ há sára igi kan, kò bá a dé ibẹ̀. Fìlà rẹ̀ léfòó, lékeléke kan sì wá bà lé e. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wò ó.

Ohun tó tún wá léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ògbólógbòó táyà méjì ni. Àdúrà Àlàájà Súmbọ̀ ti gbà.

Ìgbà náà ni Sherifdeen parí: "...Ọlánípẹ̀kun! Ẹ tẹ pupa!"

Ẹni àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín ò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, gbogbo Agboyi ló gbà á. Kọmitíì kò lè rẹ́rìn-ín, wọn ò sì lè má rẹ́rìn-ín, ni wọ́n bá sá wọ ọkọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n gbé wá, wọ́n fi Ọnọ́rébù sílẹ̀ pẹ̀lú àga rẹ̀. Ràímì ní tirẹ̀, agbami ẹ̀rín mú un, ó ní apá òun ò ní lè tukọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Báyìí ni àlejò ṣe há sílé Màríyámọ̀: bàbá Jeffrey, ọmọ rẹ̀, àti ọkùnrin kan tí odò ti gba aṣọ lára rẹ̀, tó ń gbọ̀n nínú àpò sìmẹ́ńtì.

Ọnọ́rébù tọrọ fóònù Màríyámọ̀, ó pe Sherifdeen.

"Sherifdeen, wá gbé mi!"

Ohùn kan dáhùn, ohùn tó ti wúwo sí i láàrin wákàtí kan. "Ta ló ń pè láìka oyè?"

"Oyè wo?"

"Kọmitíì ti jókòó. A rò pé odò ti gbé yín lọ ni, a sì ti pín wọn. Èmi ni alága. Èmi ni Ọnọ́rébù àti Àlàájì, Ìmọ́lẹ̀ Ìkòsì àti Òpó Kẹ́tú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí."

"Ọnọ́rébù... Ìmọ́lẹ̀..."

"Ẹ ti fo Àlàájì," ni Sherifdeen wí, ó sì pa fóònù.

Gbogbo òru náà, bàbá Jeffrey ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ arúgbó mọ̀ pé bí wọ́n bá rí ẹni tí kò lè sá, wọ́n á sọ ohun gbogbo. Ó ní nígbà àtijọ́ ní ìlú àwọn, alùpùpù àgbà nìkan ni àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń ṣe, ẹsẹ̀ ọmọdé kò sì lè kanlẹ̀ lórí rẹ̀. Ọmọ ń sunkún, ó fẹ́ fò lórí òkè bíi bàbá rẹ̀. Ni àwọn bàbá bá wọ ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé, wọ́n rẹ́ irin àgbà kúrú, wọ́n jó o pọ̀, wọ́n fi ẹ́ńjìnì ohun tí wọ́n fi ń gé koríko sí i, nígbà tó yá, wọ́n ń ra ẹ́ńjìnì kékeré láti Ítálì. Bó bá di Sunday, ẹnìkan tó ń sin àgùntàn á kó àgùntàn rẹ̀ kúrò lórí òkè, á yá wọn ní òkè náà. Ọmọ á máa yíràá nínú ẹrẹ̀, ìyá á máa da tíì sí ife. Ṣẹ́ẹ̀dì kan á ṣe márùn-ún lọ́dún, òmíràn á ṣe mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ti ilẹ̀ Japan dé, ó yá ju tiwọn, kò sì wọ́n tó tiwọn, ṣẹ́ẹ̀dì sì ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ọ̀dùnkún ló kún inú ti òun báyìí.

"Mo rò pé kò sí ẹni tó tún ń ṣe é mọ́," ni Ràhmát túmọ̀ fún un, ohùn tirẹ̀ náà ti ń rọlẹ̀. "Mo rò pé kò sí òbí kankan láyé tó ṣì ń jókòó nínú eruku irin nítorí kí ọmọ òun lè fò. Àfi ìgbà tí mo rí fọ́tò ìyá yìí."

Màríyámọ̀ wo ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú fún epo. Ó rí i pé ọwọ́ bàbá náà rí bákan náà.

Ọnọ́rébù ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá fẹ́ tòògbé, bàbá á fọwọ́ tọ́ ọ, á ní, "Ó ku ẹyọ kan." Kò sì sí Yorùbá tó máa lé àlejò, ẹ̀yin ọmọ. Òun náà ò lè dìde, nítorí àpò sìmẹ́ńtì ò tó dìde nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọmọ bàbá Jeffrey sún mọ́ alùpùpù, ó fọwọ́ pa táńkì rẹ̀. Màríyámọ̀ rí i. Ó yé e pé obìnrin náà ni bàbá kàn án fún, òun ló kọ́kọ́ ni ín. Ó ní kí Ràhmát bi í bóyá ó fẹ́ gbé e lọ.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "N ó fi ẹsẹ̀ wo gùn ún? Bi ọmọ yìí léèrè pé ọmọ ọdún mélòó ni."

"Mẹ́sàn-án," ni Ràhmát wí.

"Ẹ wá pa 7 yẹn rẹ́, kí ẹ kọ 9 síbẹ̀. Ọjọ́ orí mi ni bàbá mi kọ nígbà yẹn. Ọmọ ọdún méje ni mo jẹ́."

Ojú gbogbo wọn lọ sí igun tí àpò sìmẹ́ńtì wà.

"Kò... kò sí ọ̀kan dé ẹ̀fà?" ni Ọnọ́rébù bèèrè, ohùn rẹ̀ bíi ti ọmọ ológbò.

"Ó wà," ni Màríyámọ̀ dá a lóhùn. "Ọdún tó ti kọjá lórí ọmọ ni. Àbí ẹ tún fẹ́ ju ìwọ̀ sí i?"

Ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbọ́ tí Ràímì ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní èbúté. Ọnọ́rébù bẹ̀bẹ̀ fún ìró tí yóò ró lọ sílé kí ojú tó mọ́. Màríyámọ̀ mú ìró kan wá pẹ̀lú ìborùn, ó di wọ́n mú. Ó ya etí àpò sìmẹ́ńtì kan, ó fún un ní bírò.

"Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ti dá alùpùpù ọmọ mi padà."

Ọnọ́rébù kọ ọ́. Ó dé ibi orúkọ, ó bẹ̀rẹ̀: Ọnọ́rébù, Àlàájì, Dókítà, Olóyè, Ìmọ́lẹ̀... Bébà tán. Màríyámọ̀ ya òmíràn, èyí tó kéré sí ti àkọ́kọ́.

"Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀," ló wí jẹ́ẹ́. "Látorí. Orúkọ nìkan."

Ó wo bébà náà títí. Ó ti pẹ́ tó ti kọ ọ́ láìsí ohun tó ṣáájú rẹ̀. Ó kọ ọ́ tán: Ọlánípẹ̀kun. Ó wò ó bí ẹni tó pàdé ará ilé ní ìlú òkèèrè.

Bàbá Jeffrey fi wáyà tuntun sí alùpùpù, ọwọ́ Màríyámọ̀ bá a dì í mú. Lẹ́yìn náà, àlejò dìde. Kùrukùru ṣì bo odò. Bàbá Jeffrey wọ ọkọ̀, ó ní ó ku ẹyọ kan, ọmọ rẹ̀ fà á jókòó. Ẹni kẹta tẹ̀ lé wọn, ó fi ìborùn bojú, ó ró ìró dé kókósẹ̀. Ràímì na ọwọ́ sí i.

"Màmá, ẹ rọra o. Ẹ jókòó sáàárín, kí omi má ta sí yín lára."

Màmá náà jókòó sáàárín, kò jiyàn.

Ràhmát kúnlẹ̀ sí bèbè odò, ó kọjú sí ẹni tó fi ìborùn bojú. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ó dàbọ̀."

Ọlánípẹ̀kun yíjú padà. Ó la ẹnu díẹ̀, ó ń retí ìyókù. Ìyókù kò wá. Omi nìkan ló ń gbá ara ọkọ̀.

"Ó dàbọ̀, ọmọ mi," ló wí.

Ọkọ̀ wọ inú kùrukùru. Kó tó dé àárín odò, wọ́n gbọ́ ohun kan lẹ́yìn wọn lórí òkè iyanrìn, ó ń dún wìnnìwìnnì, ó ń gòkè, ó ń gòkè, ó dákẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan lókè ọ̀run, ó sì balẹ̀.

"Mummy, ẹ wò mí!"